Mo fẹ́ dá nìkan lọ ìdẹ̀gbẹ́ l'Ókè-Ògùn. Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ọdẹ Pókà · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè. Ẹ kú ọyẹ́ tó ń bọ̀ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Ọdẹ ni bàbá mi, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́, láti ìgbà tí mo ti lè gbé àpò ọdẹ ni mo sì ti ń tẹ̀lé wọn wọ igbó. Wọ́n ti jáde láyé, ó pé ọdún mẹ́ta báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ wọn wá ṣe ìṣípà, ètùtù ọdẹ tó kú, fún wọn, wọ́n sun ìrèmọ̀jé, orin arò ọdẹ, títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà náà, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta la jọ máa ń ṣọdẹ òru láti ẹ̀yìn Pókà títí dé ọ̀nà Kétu. Ọ̀kan ti bá tiẹ̀ lọ sókè òkun, ẹsẹ̀ ń dun ìkejì, kò lè rìn jìnnà mọ́.

Igbó ilé pàápàá ò rí bíi tàtijọ́ mọ́, ẹ̀yin náà ń rí i. Téèyàn bá gba ọ̀nà Lẹ́kkí bọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì. Ibi tí bàbá mi ti ń pa túùkú, ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, òru mẹ́rin ni mo fi lúgọ, òkété kan péré ni mo gbé wálé.

Bàbá mi máa ń lọ ìdẹ̀gbẹ́, ìyẹn ọdẹ ọlọ́jọ́ gbọọrọ nínú igbó tó jìnnà, l'Ókè-Ògùn lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú. Abúlé kan wà lẹ́yìn Ìsẹ́yìn tí wọ́n máa ń wọ̀ sí. Mo fẹ́ lọ síbẹ̀ lóṣù Kìíní, èmi nìkan, ọjọ́ mẹ́fà. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni mo ní, ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ṣọdẹ nínú ọ̀dàn rí, mi ò sì dá sun igbó ju òru kan lọ rí.

Ìyàwó mi ní òun ò gbà. Kò pariwo o, ó kàn ń dákẹ́ ni, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó bójú mu kí n dá lọ? Kí ni mo gbọ́dọ̀ gbé dání? Báwo ni ẹran á ṣe dé Ẹ̀pẹ́ láì bàjẹ́?

Àgbà Ọdẹ Èjìnrìn · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ọmọ mi, o káre. Mo mọ bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ìdẹ̀gbẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn bàbá wa a máa lo oṣù kan, oṣù méjì nínú igbó tó jìnnà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì dá lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹni tó dá lọ nígbà náà, gbogbo ìlú ló mọ ọ̀nà tó gbà. Olúọdẹ ilé mọ̀, Olúọdẹ ibi tó ń lọ mọ̀, ìyàwó mọ̀. Òun nìkan ló wà lábẹ́ igi lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ igbó tó wà.

Ìgbẹ́ tá a mọ̀ níhìn-ín, ó dí. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ojú ò rí nǹkan mọ́, etí lo fi ń ṣọdẹ. Ọ̀dàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹranko á ti rí ọ látòkèèrè kó o tó rí i. Atẹ́gùn ló jù níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, láti àríwá ìlà oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, nítorí náà bó o bá fi ẹ̀yìn rẹ síbẹ̀ tó o ń rìn lọ, òórùn rẹ ti ṣáájú rẹ dé ọ̀dọ̀ ẹran. Máa kọjú sí i. Gbé eérú díẹ̀ sínú ìgò kékeré, máa wọ́n ọn sílẹ̀ fínnífínní kó o tó ṣí ẹsẹ̀. Eérú kì í parọ́.

Ìkejì, ojú òṣùpá. Wo ọjọ́ òṣùpá dáadáa kó o tó dá ọjọ́ ìrìn rẹ. Inú òkùnkùn ni iná orí ti ń ṣiṣẹ́. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, ẹran ò ní jáde sí gbangba.

Ìkẹta, èyí ni kó o fi sọ́kàn jù: má yìnbọn sí ojú tó ń tàn. Ojú àgbọ̀nrín ń tàn, ojú ẹtu ń tàn, ojú màálù àti ewúrẹ́ náà ń tàn. Bí o ò bá tíì rí ọrùn, rí ìhà, rí ẹsẹ̀, mú ọwọ́ kúrò lára ìbọn.

Àbúrò Olóògbé · Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Má lọ.

Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó dá wọ igbó tí kì í ṣe tiwa, ọdẹ mìíràn wà níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé èèyàn wà nítòsí. Iná orí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ó jókòó láti tún un ṣe. Ó mi ewéko, ọdẹ kejì yìn sí i. Mi ò bínú sí ẹni tó yìn ín, ó sunkún ju àwa lọ. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan sọ fún ẹnì kan pé àlejò wà nínú igbó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò bá má sin ín.

Ọmọ Ọdẹ Pókà · Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á tù yín nínú. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá Èjìnrìn, ẹ ṣeun sà. Mi ò mọ̀ rárá pé atẹ́gùn ọyẹ́ ní apá kan tó ti ń wá. Níhìn-ín, igi ló máa ń dá a rú.

Ará Òkè-Ògùn l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:51 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí lónìí, torí ìgbà tí bàbá yín ń lọ yàtọ̀ sí ìsinsìnyí.

Láyé ìjọ́un, bí àlejò ọdẹ bá dé, omi ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Lónìí, àwọn ajínigbé ti sọ ojú gbogbo èèyàn di pupa. Àwọn ọdẹ wa ń ṣọ́ ìlú, ọ̀pọ̀ wọn ti wà nínú Àmọ̀tẹ́kùn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2020. Bí wọ́n bá rí ọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀, tó gbé ìbọn, tó ń dá rìn nínú igbó lóru, wọn ò ní bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Ẹ dé ọ̀dọ̀ Olúọdẹ. Ẹ mú obì dání, ẹ fi ìwé àṣẹ ìbọn hàn wọ́n, ẹ sọ orúkọ bàbá yín. Bí àgbà kan bá rántí wọn, ọ̀nà ti là nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wọ apá ibì kan, ẹ má bèèrè ìdí, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ní ti ọ̀nà: ọlọ́pàá pọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, títí wọ Ìsẹ́yìn. Ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn nílé, ẹ di ọta lọ́tọ̀, ẹ di ìbọn lọ́tọ̀, kí ìwé sì wà ní àpò àyà, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ ẹrù.

Òmíràn ni ọgbà ẹranko ìjọba, ìyẹn Old Oyo National Park. Ọdún 1991 ni ìjọba sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè, ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ̀wọ̀n ni ẹni tó bá ṣọdẹ nínú rẹ̀ ń fà sọ́rùn. Kò sí ògiri tó yí i ká, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ abúlé fi ààlà hàn yín lójú ọ̀sán.

Iná ńkọ́? Oṣù Kìíní ni wọ́n ń sun igbó. Bí ẹ bá rí èéfín níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, ẹ má dúró wò ó. Ibi tó ti jó tán ni kí ẹ sá lọ, iná ò ní padà síbẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ Pókà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni. Omi ńkọ́? Mo gbọ́ pé odò kéékèèké máa ń gbẹ nígbà yẹn.

Ará Òkè-Ògùn l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:44 àárọ̀

Ó ń gbẹ, bí ẹni pé omi ò ṣàn níbẹ̀ rí. Ẹ fi lítà mẹ́rin sí ojúmọ́ kan. Kìlógíráàmù kan ni lítà kan, nítorí náà omi ọjọ́ mẹ́fà nìkan á ti tó kìlógíráàmù mẹ́rìnlélógún lórí yín, èjìká ò gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ máa sùn ní abúlé, kí ẹ máa jáde láti ibẹ̀. Omi tí ẹ bá bu nínú kòtò, ẹ sè é kó hó dáadáa.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ejò, torí mo ti rí àbájáde rẹ̀ lórí ibùsùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé WHO fojú bù ú pé èèyàn tó tó 81,000 sí 138,000 ni oró ejò ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé. Àgbẹ̀ àti ọdẹ ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí ẹsẹ̀ ni ejò sábà máa ń bù jẹ. Wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ì báà mú ooru. Má ti ọwọ́ bọ ihò ọ̀yà tàbí ihò òkété tí o kò tan iná wò.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀: má fi abẹ sín in, má fi ẹnu fa oró, má sì fi okùn so ó pinpin. Mo ti rí ẹsẹ̀ tó kú sára, okùn ló pa á, kì í ṣe ejò. Bọ́ bàtà, bọ́ òrùka àti aago kí ibẹ̀ tó wú. Fi igi méjì ti ẹsẹ̀ náà lọ́tùn-ún lósì, fi aṣọ wé e kó má baà máa yí, bí a ṣe ń ṣe fún eegun tó dá. Má sáré, má lépa ejò náà. Wo aago, kó o lè sọ fún dókítà ìgbà tó bù ọ́. Bí ẹnì kan bá lè fi ọ̀kadà gbé ọ, ìyẹn sàn ju kó o fẹsẹ̀ rìn.

Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò kò sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Kó o tó wọ igbó, bèèrè ní Ìsẹ́yìn, ní orúkọ, ibi tí wọ́n ti ní in. Kọ ọ́ sínú ìwé, fún ẹni tó gbà ọ́ lálejò ní ọ̀kan.

Ra fèrè, irú èyí tí rẹfirí ń fọn. Ohùn á há, fèrè ò ní há.

Ìyá Ẹlẹ́ran Olúwo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:27 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, ẹran ìgbẹ́ ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, ọdẹ sì ni ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ ẹran ni kí n kọ́kọ́ sọ.

Má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kó o tó tú inú ẹran. Bó o bá ti pa á ni kó o tú u, ooru inú rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Wọ ìbọ̀wọ́ bó o bá ń tú u, pàápàá bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ. Gé e sí wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ tó wà lókè iná, èéfín jẹ́ẹ́jẹ́ láti alẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Iná ńlá á jó ẹ̀yìn rẹ̀, inú á tutù, ìdin á wọ ibẹ̀ kó o tó dé Ìbàdàn. Nígbà tó o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí kò tẹ̀, ó ti gbẹ nìyẹn. Má dì í sínú ọ̀rá, àpò ìdọ̀họ ló dára.

Má gbé òkú ẹran tí o kò mọ ohun tó pa á, àrùn lè wà lára rẹ̀. Oṣù Keje 2014 ni Ẹ̀bólà wọ Èkó. Ogún èèyàn ló kó o ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní 20 Oṣù Kẹwàá ni WHO tó kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ẹran mi wà lórí àtẹ nígbà náà, àwọn oníbàárà mi ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni má gbé akíka wá fún mi. Lọ́dún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Johannesburg láti fòfin de òwò rẹ̀ láàárín ara wọn, òfin tiwa náà kò fàyè gba pípa á. Mo tà á nígbà kan. Mi ò tà á mọ́. Ẹran tó ń bí ọmọ kan ṣoṣo lọ́dún, bá a bá ń pa á bẹ́ẹ̀, kí ni yóò kù?

Ní ti ìyàwó rẹ. Ọmọ mi, kò sọ pé kó o má ṣọdẹ. Òru ló ń bà á lẹ́rù, òru tí kò ní mọ̀ bóyá o wà láàyè. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ lọ ìdẹ̀gbẹ́, ó ka hóró àgbàdo méje sínú abọ́ kan, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ní, "Máa mú ẹyọ kan kúrò ní alaalẹ́. Kí èyí tó gbẹ̀yìn tó tán, màá dé." Mo mú ẹyọ kìíní, mo mú ìkejì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ní alẹ́ kẹfà, ẹyọ kan ló kù. Kò tíì di ìdájí tí mo fi gbọ́ ìwúkọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, mi ò dá a dúró rí. Ọjọ́ tó o bá dá fún un, rí i pé o ò yẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ ọwọ́ òfo lo fi ń bọ̀.

Bọ̀dá Fóònù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wa máàpù agbègbè náà sórí Google Maps kí ẹ tó kúrò nílé, ó máa ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Ẹ fi àmì sí abúlé tí ẹ wọ̀ sí. Nínú igbó, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, torí bó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri, bátìrì á kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mú páwà báǹkì. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì káàkiri Nàìjíríà. 767 tá a mọ̀, ti Èkó ni, kò ní bá yín dé Ìsẹ́yìn. Bí ẹ bá ní máàpù yìí, ẹ ò lè sọnù.

Àgbà Ọdẹ Èjìnrìn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:36 alẹ́

Bọ̀dá Fóònù, o ṣeun, kó gbé e dání. Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé kò lè sọnù. Mo sọnù rí nínú igbó tí mo ti ń wọ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde ni. Mo yìn àgbọ̀nrín kan, kò kú lójú ẹsẹ̀, mo wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Téèyàn bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀ lojú rẹ̀ ń wò, kì í bojú wẹ̀yìn, kì í fi ewé sàmì. Mo tọ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Mo gbójú sókè, gbogbo igi jọra. Mo ní ọ̀nà nìyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo kan ọ̀gán kan tí ìtàkùn bò lórí bíi fìlà. Mo kọjá. Mo rìn, mo rìn, mo tún kan ọ̀gán tí ìtàkùn bò lórí bíi fìlà. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo kàn án, mo tan iná sílẹ̀, mo rí ojú ẹsẹ̀ ara mi nínú ẹrẹ̀, ọ̀nà méjì, ọ̀kan gun orí èkejì. Ara mi bù máṣọ. Ẹsẹ̀ fẹ́ sáré. Ẹni tó bá sáré lásìkò yẹn ni igbó ń gbé mì.

Mo jókòó. Mo fi ẹ̀yìn ti ọ̀gán náà, mo pa iná, mo yọ ọta nínú ìbọn. Mi ò sùn. Ẹ̀fọn jẹ mí, mi ò mira. Nígbà tó di ìdájí, àkùkọ kan kọ, ó jìnnà réré, ní apá òsì mi. Apá ọ̀tún ni mo ti ń rìn lọ láti ọ̀gànjọ́. Mo kọjú sí àkùkọ yẹn, mi ò sì gbẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ fi là. Abúlé wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, bó o bá sọnù, jókòó. Bó o bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, máa ṣẹ́ ewé, kí inú rẹ̀ funfun dojú kọ ibi tó o ti ń bọ̀. Bó o bá ń kírun, kírun kó o tó jáde. Bó o bá ń bọ Ògún, bọ ọ́. Fún mi ní nọ́ńbà ẹni tí o máa wọ̀ sí.

Ọmọ Ọdẹ Pókà · Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì kà á sétí ìyàwó mi. Nígbà tí mo dé ibi hóró àgbàdo, ó dìde, ó lọ gbé abọ́ wá.

Ohun tá a fẹnu kò lé lórí rèé. Ọjọ́ márùn-ún ni mo máa lò, kì í ṣe mẹ́fà. Mo ti bá ọmọ ẹni tó ń gba bàbá mi lálejò sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó rántí wọn, ó ní òun á bá mi rìn lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ kí n mọ ààlà. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá dá rìn, abúlé ni màá sì máa sùn. Bàbá Èjìnrìn, nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín sà.

Ọmọ Ọdẹ Pókà · Oṣù Kìíní, Ọjọ́ Àìkú, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé o. Ẹ kú àdúrà.

Olúọdẹ wọn gba obì, wọ́n wo ìwé ìbọn, wọ́n ní kí n má kọjá odò gbígbẹ kan lápá àríwá. Mi ò kọjá rẹ̀. Ọ̀yà méjì àti ẹtu kan ni mo pa. Eérú ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹtu yẹn ń jẹun lábẹ́ igi ẹmi, mo kọjú sí atẹ́gùn títí mo fi rí etí rẹ̀ tó ń mì.

Alẹ́ kẹta ni mo fẹ́ sọ. Mo ti ń dá rìn nígbà yẹn. Iná orí mi gbá ojú méjì mú, ó ga nílẹ̀, ó tàn bí ẹyin iná. Mo gbé ìbọn sókè. Ọkàn mi ní àgbọ̀nrín ni, akọ ńlá. Ìka mi ti wà lára rẹ̀. Mo rántí yín, Bàbá, mo sì rántí ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ẹni tiwọn. Mo sọ ìbọn kalẹ̀, mo dúró. Ó pẹ́. Ojú náà yí, mo rí ìwo, mo rí ọmọ màálù kékeré kan tó ń fa ọmú nídìí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lẹ́yìn wọn, ọmọkùnrin Fúlàní kan ń sùn lórí ẹní, ó fi aṣọ bo orí. Ibi tí màálù yẹn dúró sí, ó bá ojú ìbọn mi àti ọmọ náà mu gẹ́lẹ́.

Mo padà sí abúlé. Mi ò jáde mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àbúrò Olóògbé · Ọjọ́ Àìkú, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ dúró.

Ìyá Ẹlẹ́ran Olúwo · Ọjọ́ Àìkú, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Káàbọ̀, ọmọ mi. Hóró mélòó ló kù nínú abọ́?

Ọmọ Ọdẹ Pókà · Ọjọ́ Àìkú, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹyọ kan, Ìyá. Ó ti dì í mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó ní òun ò ní sọ ọ́ nù.